Awò awọ̀nàjíjìn: ṣé kí n rà á ni, àbí kí n fọwọ́ ara mi ṣe é?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé. Láti kékeré, tí NEPA bá ti mú iná lọ, orí ẹní níta ni n ó dùbúlẹ̀ sí, n ó máa wo ìràwọ̀ títí oorun á fi gbé mi lọ. Ní báyìí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ ra awò awọ̀nàjíjìn. Mo rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má rà á, pé jígí ìkàwé tí wọ́n ń tà lọ́jà ni kí n fi ṣe tèmi. Òmíràn ní irọ́ ni, pé kí n wá gíláàsì tó nípọn, kí n lọ̀ ọ́ di dígí fúnra mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé ojú tiẹ̀ lè rí nǹkan gidi láti àárín ìlú, pẹ̀lú iná jẹnẹrétọ̀ àti ọyẹ́?

* * *

Àbúrò mi, má ra èyí tí wọ́n kọ 525 sí lára yẹn. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí irú rẹ̀ ló ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí ìràwọ̀ wíwò lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù tí awò ń ṣe ni pé kó kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ẹyinjú wa, tó bá ṣí tán nínú òkùnkùn, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 7 lọ. Dígí tó fẹ̀ tó mìlímítà 150 ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ tó ìlọ́po 450 ti ojú lásán. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé yẹn la wá ń fẹ̀ kí nǹkan lè tóbi lójú wa. Tó bá kéré, tí a sì fẹ̀ ẹ́ jù, ńṣe ló máa dà bí ògì tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe é ń tẹ̀ lé ni pé ìlọ́po tó wúlò kì í ju ìlọ́po méjì iye mìlímítà tí ojú awò náà fẹ̀ lọ. Èyí tó wà nínú páálí yẹn sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 60 sí 76. Ìlọ́po 120 sí 150 ni agbára rẹ̀ mọ, ìyẹn lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá dára gan-an.

Wo ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró pẹ̀lú. Tín-ín-rín ni. Bí awò bá ń sọ plánẹ́ẹ̀tì Júpítà di ńlá ní ìlọ́po 100, ìgbọ̀nrìrì ẹsẹ̀ yẹn náà ń di ìlọ́po 100. Èèyàn á máa rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń jó sọ́tùn-ún sósì, á sì rò pé ojú òun ni kò dára.

* * *

Ẹni mẹ́ta ló ti dáhùn lẹ́yìn mi, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: ra báínókúlà, má da ara rẹ láàmú.

Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Èyí tí wọ́n ń kọ 10x50 sí lára, ìyẹn ni pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 50, á fi àwọn kòtò ojú òṣùpá hàn ọ́. Bí o bá fẹ̀yìn ti ògiri tí ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n, á fi òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà ká hàn ọ́ pẹ̀lú. Èmi náà ní ọ̀kan, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ gbé jáde.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìdáhùn ìbéèrè yìí nìyẹn. Ọmọkùnrin yìí ń bi wá bóyá ọwọ́ èèyàn lè ṣe é. Òṣùpá mẹ́rin yẹn, Galileo, onímọ̀ ará Ítálì, ló rí wọn ní oṣù kìíní ọdún 1610, awò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló sì fi rí wọn, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 20. Gíláàsì ayé ìgbà náà kò mọ́; àwọn èérún afẹ́fẹ́ kéékèèké há sínú rẹ̀. Lẹ́ńsì jígí ìkàwé tó wà lórí àtẹ lẹ́bàá ọ̀nà lónìí mọ́ jù ú lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò tíì gbìyànjú ẹ̀ wò.

* * *

Ó dáa, bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí. Ọdún 2016 ni, ní Ìbàdàn.

Mo lọ bá ẹni tó ń ta jígí ìkàwé, mo ní kó fún mi ní +1.00. Ó yà á lẹ́nu, torí +2.50 ni àwọn àgbà máa ń wá fi ka Bíbélì. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí o bá fi nọ́ńbà ara jígí pín mítà kan, ohun tó bá jáde ni ibi tí lẹ́ńsì náà ti ń kó ìmọ́lẹ̀ pàdé. +1.00 ń kó o pàdé ní mítà kan, +2.00 ní ìdajì mítà. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni nọ́ńbà náà, dúró sínú yàrá lọ́sàn-án, gbé lẹ́ńsì náà kọjú sí igi kan tó jìnnà níta fèrèsé, kí o sì mú páálí funfun sẹ́yìn rẹ̀. Máa sún páálí náà síwá sẹ́yìn. Ibi tí àwòrán igi náà bá ti mọ́ kedere, tó dorí kodò, fi tépù wọn ún láti ibẹ̀ dé ara lẹ́ńsì.

Lẹ́ńsì tí a ń gbé ojú lé, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe ni mo ti rí i. Awò kékeré dúdú tí wọ́n máa ń há sójú yẹn ni. Èyí tí wọ́n kọ 10x sí ń kó ìmọ́lẹ̀ pàdé ní nǹkan bíi mìlímítà 25. Mítà kan jẹ́ mìlímítà 1,000. Fi 25 pín in, ó di ìlọ́po 40. Ìṣirò yìí kan náà ni gbogbo awò ayé ń lò, ti olówó àti ti mẹ̀kúnnù.

Páìpù rọ́bà tí pọ́ḿbà ń lò, oníwọ̀n ínǹṣì méjì, tí mo gé ní mítà kan, ni ara rẹ̀. Mo fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán, irú èyí tí wọ́n fi ń kun pátákó ìkọ̀wé nílé ẹ̀kọ́, kun inú rẹ̀, torí inú páìpù funfun máa ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri títí gbogbo nǹkan á fi ràn mọ́ra. Páìpù tó kéré sí i ló gbé awò aláago, mo fi aṣọ wé e kó lè máa fà wọlé fà jáde láì mì.

Ìgbà tó kan páálí oníhò ni ìjà dé. Mo gé páálí róbótó, mo lu ihò sẹ̀ntímítà 3 sí àárín rẹ̀, mo sì fi bo iwájú lẹ́ńsì. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé kí ni mo ṣe ń bo lẹ́ńsì tó yẹ kó máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ? Òótọ́ ló sọ, ìmọ́lẹ̀ ń ṣòfò. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì ẹyọ kan kì í kó àwọ̀ gbogbo pàdé lójú kan. Aró ń tètè pàdé, pupa ń pẹ́. Bí o bá ṣí gbogbo ojú rẹ̀ sílẹ̀, òṣùpá á ní etí aró àti etí òféèfèé, á sì ṣú. Tí ihò náà bá kéré, àṣìṣe yẹn ò ní hàn tó bẹ́ẹ̀. Ohun yìí gan-an ló jẹ́ kí Newton, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, pa lẹ́ńsì tì, tó fi dígí ṣe awò tirẹ̀ ní 1668. Ẹ yọ páálí náà kí ẹ wò ó, ẹ dá a padà kí ẹ tún wò ó. Ojú yín á dá ẹjọ́ náà.

Mo so páìpù náà mọ́ àkàbà. Alẹ́ àkọ́kọ́, Júpítà ni mo wò: róbótó kékeré kan tó funfun bí ẹ̀fun, àti ẹ̀kán mẹ́rin tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo jí ìyá mi. Ó wò ó títí, ó ní, “O ní mẹ́rin ni. Mẹ́ta ni mo rí. Èwo ló sọnù?” Ọ̀kan ti wọ ẹ̀yìn Júpítà ni. Ìyá mi, tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé wọ́n ń rìn. Mi ò tíì rí ohun tí owó ra tó fún mi ní irú ìdùnnú ọjọ́ náà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ní Abẹ́òkúta kọ ọ̀rọ̀ gígùn. Ní kúkúrú, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé awò jígí ìkàwé, eré ọmọdé ni, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dójú àmì gbọ́dọ̀ lọ dígí, bí àwọn tó ṣe é ṣáájú wa ti ṣe.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, torí èmi náà ti lọ ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí kí àbúrò wa tó kó sí i.

Gíláàsì róbótó méjì ni èèyàn ń lò. Ọ̀kan á dúró lórí àgbá, èkejì á wà lórí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú kan tó le ju gíláàsì lọ, tí wọ́n ń pè ní carborundum, á sì wà láàárín wọn pẹ̀lú omi. Èèyàn á máa ti ti òkè síwájú, á máa fà á sẹ́yìn, á máa yí i, òun fúnra rẹ̀ á sì máa yí àgbá náà po. Ti òkè á máa jẹ wọnú, ti ìsàlẹ̀ á máa yọ gẹ̀ǹgẹ̀. Kò sí idán níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ara wọn lọ ara wọn náà ni. Fún dígí ínǹṣì mẹ́fà tó ń kó ìmọ́lẹ̀ pàdé ní mìlímítà 1,200, jíjinlẹ̀ àárín rẹ̀ kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ìyẹn rọrùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú á máa kúnná sí i, ìpele dé ìpele, títí tí yóò fi kan dídán, níbi tí a ti ń lo oje dúdú líle àti lẹ́búlẹ́bú adángíláàsì tí wọ́n ń pè ní cerium oxide. Níbẹ̀, àṣìṣe ojú dígí náà kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà kan. Abẹ fífẹ́lẹ́ kan àti iná kékeré la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọgbọ́n tí Foucault ará Faransé gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1858. Èyí ṣì máa ń yà mí lẹ́nu, pé abẹ àti iná lè fi ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ hàn.

Oṣù mẹ́rin ló gbà mí. Mo gba gíláàsì tábìlì tó nípọn lọ́wọ́ àwọn tó ń gé gíláàsì. Torí pé mi ò rí lẹ́búlẹ́bú rà, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀ tí mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀rá wà nínú rẹ̀, kì í ṣí lára gíláàsì bọ̀rọ̀, hóró líle kan sì sá pamọ́ sínú rẹ̀ títí mo fi dé ìpele tó kúnná, ló bá fa ojú gíláàsì mi láti etí kan dé èkejì. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú tí mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun.

Ìgbà tí mo parí rẹ̀, ìṣòro tó tóbi jù ló kù. Gíláàsì lásán kì í dá ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Ó tó láti fi wo òṣùpá. Mo wò ó bẹ́ẹ̀, ó sì dára débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n láti wo ìràwọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi alumíníọ́ọ̀mù bò ó nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán. Mi ò rí ibì kankan nítòsí mi tó lè bá mi ṣe é. Fàdákà ṣeé fi kẹ́míkà bò ó nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láyé Foucault, ṣùgbọ́n fàdákà máa ń dúdú, àgàgà nínú ọ̀rinrin tiwa yìí. Níkẹyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London ló fi aṣọ wé e, tó gbé e lọ, tó sì gbé e padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Torí náà, ìmọ̀ràn mi ò bá ti Ẹ̀gbọ́n mu. Bí owó ni o ń ṣọ́, má lọ dígí. Ra dígí tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti bò, kí o fi ọwọ́ rẹ kan ìyókù. Bí o bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Olórin ni William Herschel, kò kọ́ṣẹ́ ìràwọ̀ níléèwé. Ó ń dán dígí rẹ̀ nílé ní ìlú Bath, kò sì lè gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀, àbúrò rẹ̀ Caroline ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Awò ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rí plánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781. Mi ò ní sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó lọ ra ti ọjà.

* * *

Ẹnì kan béèrè: ṣé dígí ìfárungbọ̀n, èyí tó ń sọ ojú di ńlá, kò lè ṣe é? Rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kùn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ á dá padà lójú méjì, níwájú àti lẹ́yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, títẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ìràwọ̀ á rí bí òwú tí wọ́n já.

* * *

Ọ̀rọ̀ àpótí wá kàn. Bí o bá ti ní dígí, báwo ni kó ṣe dúró?

John Dobson ni kí gbogbo ẹni tó ń ṣe awò nílé máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́ńkì ni ní San Francisco, kò ní owó lọ́wọ́, ó ń lọ dígí láti ara gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ òkun, páálí róbótó tí wọ́n fi ń da òpó kọnkéré ló sì fi ń ṣe ara awò. Ó kúrò nílé àwọn mọ́ńkì ní 1967, ní 1968 òun àtàwọn kan dá ẹgbẹ́ tó ń gbé awò sí ẹ̀bá títì sílẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè wo òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kú ní 2014. Àpótí pákó ni ìdúró awò rẹ̀: kò lẹ́sẹ̀, kò ní irin, ó ń jókòó sílẹ̀. Ó ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń gbórí sókè sódò lórí etí róbótó méjì.

Tèmi, plaiwúùdù ni káfíńtà bá mi gé. Mi ò rí páálí kọnkéré yẹn, nítorí náà mo kan ara awò náà ní igun mẹ́rin, kò sì yàtọ̀ lójú ìràwọ̀. Ibi tí àpótí ti ń yí, mo lẹ fọ́míkà mọ́ ọn, mo sì gé pátákó rọ́bà tí a fi ń gé ẹran lé abẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí bí ìka kan bá tì í, kó sì dúró gbọin bí ìka bá kúrò. Bí ó bá ń fò, nu ojú fọ́míkà náà. Bí ó bá ń yọ̀ jù, fi kún ìwúwo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn òyìnbó kì í tẹnu mọ́ tó, torí kò dà wọ́n láàmú bíi tiwa. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dígírì méje sókè ìlà agbedeméjì ayé. Àwọn plánẹ́ẹ̀tì ń gba agbede orí wa kọjá, tàbí ẹ̀bá rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àpótí Dobson ti máa ń lágídí: tí awò bá ti nàró ganrangan, yíyí àpótí sọ́tùn-ún sósì kì í gbé e lọ síbì kankan mọ́. Mo rí ẹni tó ta àpótí rẹ̀ nítorí ìyẹn. Sùúrù ni oògùn rẹ̀. Ojú ọ̀run ń rìn ní dígírì 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Dúró fún wákàtí kan àtààbọ̀ kí Júpítà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí o wá wò ó.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ ju wàhálà rẹ̀ lọ. Ohun tó wà lókè orí, afẹ́fẹ́ tó bò ó kéré. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London, ọdún máa ń wà tí ó jẹ́ pé ìsàlẹ̀, lẹ́bàá òrùlé ilé, ni wọ́n ti ń rí plánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n. Wọn kì í rí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní àgbélébùú gúúsù láéláé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í rí ìràwọ̀ Canopus. Àwa ń rí wọn, a sì tún ń rí ìràwọ̀ méje ti àríwá.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta awò tí ìdúró rẹ̀ ń yí tẹ̀ lé ìràwọ̀ fún yín, irú èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìràwọ̀ àríwá tò. Dígírì méje péré ni ìràwọ̀ yẹn fi ga níbí. Ògiri àdúgbò ti bò ó.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ẹni méjì ti béèrè nípa àwọn aládùúgbò.

Páìpù dúdú gígùn, lóru, lọ́wọ́ ọkùnrin kan: ẹ mọ ohun tí wọ́n máa rò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò dá mi dúró lórí pápá lálẹ́ ọjọ́ kan, ìbọn wọn sì kọjú sí mi. Mo gbé páìpù náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, mo ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ wá wo òṣùpá.” Èyí tó dàgbà jù nínú wọn tẹ̀ síwájú, ó gbé ojú lé e. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, “Ihò wà lára rẹ̀!” Gbogbo wọn tò.

Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ fún wọn ṣáájú. Baba àgbà náà máa ń wá fúnra rẹ̀. Òun ló sọ fún mi nípa Àgùàlà, ìyẹn plánẹ́ẹ̀tì Venus, tó ní a ṣe bí ajá òṣùpá ni nítorí pé ó ń bá a rìn. Mo fi awò wo Àgùàlà fún un ní oṣù kan tí ó kù bí èékánná tí a gé. Ó ní, “Òun náà ń lé, ó ń wọ̀kùn bí òṣùpá?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí Galileo rí nìyẹn.

* * *

Ọyẹ́ àti iná. Àwọn kan ní láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, kí a kó awò wọlé. Mi ò gbà. Eruku Sàhárà ń pa àwọn ohun tó ṣókùnkùn rẹ́, òótọ́ ni, ìràwọ̀ kékeré á lọ. Ṣùgbọ́n òṣùpá, Júpítà àti Sátọ̀n mọ́lẹ̀ ju kí eruku pa wọ́n lọ, lọ́pọ̀ alẹ́ ọyẹ́ sì ni afẹ́fẹ́ máa ń dúró jẹ́ẹ́ tí wọn kì í gbọ̀n. Oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó sì ń retí ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ, ẹ má retí ẹ̀. Òjò lè dínkù, ṣùgbọ́n ìkùukùu kì í lọ.

Ní ti iná, ìgbà tí iná ìjọba bá lọ ni tiwa. Fún ojú rẹ ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 nínú òkùnkùn, má sì wo fóònù. Bí o bá nílò tọ́ọ̀ṣì, fi ọ̀rá pupa wé e.

Ọ̀rinrin ń jẹ lẹ́ńsì ju eruku lọ. Èéhù máa ń hù sínú rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn. Àwọn àpò kékeré funfun tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má jù wọ́n nù; inú agolo onídèérí, pẹ̀lú lẹ́ńsì, ni ààyè wọn.

* * *

Ẹnì kan ní òun fẹ́ fi tòun wo oòrùn. Dúró! Má ṣe é, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́ńsì tó ń jó ewé gbígbẹ, ojú rẹ ni yóò jó, kì í sì í dùn ọ́ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, ọ̀sán di òru pátápátá ní Lomé. Níhìn-ín ní Ìbàdàn kò bò ó tán. Mo rí àwọn ọmọ iléèwé tó ń fi fíìmù X-ray wò ó. Ẹ lu ihò abẹ́rẹ́ sí páálí, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ìwé funfun, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí oòrùn.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun ti ṣe é, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan tó mọ́. Kò rí +1.00, +1.50 ló rà. Ó gé páìpù náà ní mítà kan bí mo ṣe sọ. Ó gbé e sí fèrèsé yàrá rẹ̀, ó wo òṣùpá tó kún, gbogbo rẹ̀ dà bí ìtànṣán lásán.

Àbúrò, kú iṣẹ́, inú mi dùn. Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, +1.50 ń kó ìmọ́lẹ̀ pàdé ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 67, kì í ṣe mítà kan. Páìpù rẹ gùn jù, lẹ́ńsì méjèèjì kò bá ara wọn pàdé. Gé e kù sí sẹ̀ntímítà 60, kí páìpù kékeré máa fà jáde dé ibi tí àlàfo lẹ́ńsì méjèèjì á fi tó nǹkan bíi 69. Ìlọ́po 27 ló máa fún ọ, ó tó. Èkejì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú fèrèsé rẹ, àbí? Ó ń ya ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Gbé e jáde sí àgbàlá.

Ẹ̀kẹta, má wo òṣùpá tó kún. Oòrùn ń tàn sí i lójú gan-an, kò sí òjìji kankan níbẹ̀. Dúró dé alẹ́ tó bá di ìlàjì. Wo ìlà tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé, kí o rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wàá rí àwọn ṣóńṣó òkè tí oòrùn ti kàn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì wà nínú òru. Fi páálí oníhò síwájú rẹ̀, kí o sì wá sọ ohun tí o rí fún wa.